Wọ́n Mu Omi Wa Tán, Wọ́n Ní Kò Sẹ́ni Níbẹ̀

Ẹ gbé àga yín sún mọ́ ibòòji, kí ẹ sì pa ariwo fóònù yẹn fún mi. Inú ń bí mi lónìí, n kò sì ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé inú ń bí mi. Ẹni tí wọ́n pè ní òkú nígbà tó ṣì ń mí, tí kò bá bínú, ó ti kú lóòótọ́ nìyẹn.

Ìlú mi ni wọ́n ní kò sẹ́ni níbẹ̀. Bùdó Ìdí-Igbá ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí àárín Ìlọrin níbí lè má mọ̀ ọ́n, n kò bá yín wí. Tí ènìyàn bá dé Òkè-Oyì, tó kọjá ibi tí àwọn obìnrin ti ń ta iṣu lẹ́bàá títì, tó fi títì sílẹ̀, tó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín oko ọkà bàbà, tó ń lọ títí tí kò fi gbọ́ ìró mọ́tò mọ́, yóò bá odò kan. Tó bá la odò náà kọjá, kó má tíì sọ pé òun ti dé. Ó ṣì ku ìrìn tó lè gbẹ omi ara aṣọ rẹ̀ kó tó rí òrùlé àkọ́kọ́. Wọ́n ní ìlú tó jìnnà ni. Ta ló jìnnà sí ta? Àwa tí a wà níbẹ̀ kò jìnnà síra wa.

Agbo ilé mẹ́tàdínlógún la jẹ́ nígbà tí mo gbọ́njú. A kò kó ilé jọ bíi ti ìgboro. Oko wà láàárín ilé àti ilé. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà Sálíù ọ̀rẹ́ mi, ènìyàn á jẹ iṣu sísun kan tán kó tó dé, tí iṣu náà bá sì gbóná, á ṣì ku díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní Àsùbá tí gbogbo ìlú kò ní mọ̀ kó tó di Àyílà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé alájà níbí yìí, ògiri kan péré ló wà láàárín yín àti ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Kí lorúkọ rẹ̀? Ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Igi igbá ló fún wa lórúkọ, irú ló sì fún wa ní òkìkí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbó, tí èso igbá dúdú lórí igi, ọkùnrin á gùn ún, obìnrin á ṣa á nílẹ̀, ọmọdé á máa lá ìyẹ̀fun rẹ̀ títí ètè wọn á fi pọ́n bíi pupa ẹyin. Àwọn obìnrin á se igbá láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, wọ́n á gún un jẹ́jẹ́ nínú odó kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á wá rù ú lọ sódò nínú apẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ìyàwó ilé mẹ́wàá, méjìlá, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan á máa lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Orin èébú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ tó bá na ìyàwó rẹ̀ lánàá, yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti inú odò lónìí. N kò tíì rí ilé ẹjọ́ tó yára tó bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olórí wọn. Àwáwù ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ìyá wa bí ṣáájú mi, ìyá wa kò sì bí ẹlòmíràn lẹ́yìn mi. Irú Àwáwù, tó bá ṣí ewé kúrò lórí rẹ̀, ẹni tó ń lọ sóko á yà wá béèrè ohun tí wọ́n ń sè lọ́jọ́ náà. Lónìí, hóró magí tí wọ́n fi bébà wé ni ẹ ń jù sínú ọbẹ̀, ẹ ní ó dùn. Ó dùn lóòótọ́, lẹ́nu ẹni tí kò jẹ èyí tó dùn rí.

Àwọn Fúlàní ní gáà kan, ibùdó tiwọn, ní ìhà kejì ìlú. Àràárọ̀ ni Aíṣá, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wọn, máa ń ru wàrà rẹ̀ kọjá láti ilé dé ilé, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹ̀yin ọmọ ìgboro lọ. Ṣé màlúù wọn kò jẹ oko wa rí ni? Ó jẹ ẹ́. Ṣé a kò bá wọn jà? A bá wọn jà, a sì parí rẹ̀ lábẹ́ igi kó tó di Àlàásárì, nítorí pé lọ́la wọ́n ó tún gbé wàrà wá, lọ́la àwa náà ó tún fún wọn ní pòròpórò ọkà fún ẹran wọn. Ahọ́n àti eyín kì í torí ìjà kó kúrò nínú ẹnu.

Ìléyá ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tó lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ní Jẹ́bà, títí dé Kàdúná, gbogbo wọn á wálé. Yídì wa tí a ti ń kírun ọdún, ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ìlú ni, a sì máa ń ro ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní ọdún kan, Sálíù ní òun kò lè fi àgbò òun sílé, kí olè má baà gbé e. Olè wo? Kò sí olè kankan, ó kàn fẹ́ kí gbogbo ayé rí àgbò rẹ̀ ni. Ó so ó mọ́ gbòǹgbò igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yídì. A wà ní ìforíkanlẹ̀ nígbà tí okùn já. Àgbò gba àárín ìlà kìíní kọjá, ó fi ìwo gbé láwàní lórí lèmọ́mù, ó di inú igbó. Gbogbo wa rí i láti abẹ́ apá wa, kò sì sẹ́ni tó gbórí sókè, àfi Sálíù. Ó dìde nínú ìrun, ó ká aṣọ ńlá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sáré tẹ̀ lé e. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán: "Àgbò mi o! Láwàní o!" Lèmọ́mù kírun náà parí láìsí láwàní, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká tún un kí." Gbogbo wa pátá la dìde, òun náà pẹ̀lú wa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé ayé. Ẹ má rò pé dídùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ pọ̀, òjò máa ń já wa kulẹ̀, ejò máa ń bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ìlú ni. Ìlú kékeré, ìlú náà ni.

A ní ilé ẹ̀kọ́. Yàrá méjì, amọ̀ ni, àwa fúnra wa la pò ó, la mọ ọ́n. Tíṣà kan ni ìjọba fún wa, ọmọ Òmù-Àrán, Onígbàgbọ́ ni. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun gan-an ló máa ń tètè lu aago kí àwọn ọmọ lè bá ìrun. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, tó ń kọrin ìsìn nínú yàrá rẹ̀, àwọn ọmọ ilé kéwú á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á máa bá a gbè é. Áfáà tó ń kọ́ wọn ní kéwú kò bínú rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Tí ẹ bá fẹ́ bá a kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ dáadáa, ẹ má bà á jẹ́ fún un." Ẹ wá fi ìyẹn wé èébú tí àwọn ènìyàn ń bú ẹ̀sìn ara wọn lórí rédíò báyìí.

Ní ọjọ́ kan ni ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gun alùpùpù wá. Ó to àwọn ọmọ, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Ó ní mọ́kànlá kéré jù, pé wọn kò lè máa fi odidi tíṣà ṣòfò. Ṣòfò! Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Wọ́n mú tíṣà lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá tó fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀wé kó wọn lọ sí Òkè-Oyì. Nígbà tí ọmọ dín kù, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ ní òun kò lè máa la odò nítorí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kò wá mọ́, kò sí aboyún tó fẹ́ dúró. Nígbà tí kò sí aboyún, ta ni yóò bí ọmọ tí wọ́n ó tún wá kà? Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní a ò pọ̀ tó. Nítorí pé a ò pọ̀ tó, wọ́n kó ohun tí ì bá mú wa pọ̀ lọ. Wọ́n wá padà dé, wọ́n ní àwọn ṣáà ti sọ pé a ò pọ̀. Ẹni tó gé igi lẹ́sẹ̀ ló tún ń bú igi pé kò lè dúró.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n mọ ọ̀nà wa o! Odò kì í jìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ká sòkòtò sókè, wọ́n á là á, wọ́n á ní àwọn yóò ṣe afárá sí i. Ẹnì kan ṣoṣo kì í kéré lójú wọn nígbà yẹn.

Afárá tí wọn kò ṣe yẹn ni kò jẹ́ kí ìyàwó mi, Ràmátù, dàgbà pẹ̀lú mi. Ìgbà òjò ni. Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e lórí ilẹ̀kùn tí a yọ lára yàrá wa, èmi ń tẹ̀ lé wọn. A dé etí odò, odò ti kún dé ìdí igi. Àsùbá la débẹ̀. A jókòó, à ń wo omi, à ń wo òdì kejì. Nígbà tí omi fi máa fà díẹ̀, Àlàásárì ti kọjá, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, kò sì sí ìdí kankan láti là á mọ́. A gbé e padà sílé, a sin ín sẹ́yìn ilé. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Jímọ̀ ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà níbí wá, ó di ẹrù mi, ó mú mi wá sí Ìlọrin.

Ènìyàn mẹ́rin ló kù. Àwáwù ní òun kò lọ síbì kankan. Sálíù àti Sàlámátù ìyàwó rẹ̀ ní àwọn wà níbẹ̀. Aíṣá ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin: àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kó gáà lọ sí ìhà òkè, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí sàréè ọkọ òun bá wà ni òun wà.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Nígbà tí ọyẹ́ èṣí ń kásẹ̀ nílẹ̀, Jímọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Bàbá, ẹ jókòó ná."

Mo ní, "Mo jókòó. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ní Òkè-Oyì. Àwọn kan fẹ́ dá oko ńlá kan ní ìhà tiwa. Wọ́n kọ orúkọ àwọn abúlé tó wà níbẹ̀, kí wọ́n lè yọ ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Orúkọ Ìdí-Igbá kò sí níbẹ̀."

"Bóyá wọ́n gbàgbé ni."

"Wọn ò gbàgbé, Bàbá. Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ náà. Ibi tó jẹ́ tiwa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ ṣófo ni, pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

N kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Oyì, mo gun ọ̀kadà títí dé etí odò, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo bá Àwáwù lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀gbin kúrò lára igbá. Mo bi í bóyá àwọn kan wá wọn ilẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n wá. Ọmọkùnrin mẹ́ta, nínú ọyẹ́. Wọ́n gbé nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dání, wọ́n ń dijú kan, wọ́n ń fi ìkejì yọjú wò ó. Ètè wọn ti bó. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo bu omi àmù fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn mu ún lẹ́ẹ̀mẹta. Aíṣá fún wọn ní wàrà. Sálíù sọ ìtàn àgbò rẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n o. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí n ṣàdúrà fún àwọn."

"Ṣé o ṣe é?"

"Kí ló dé tí n kò ní ṣe é? Mo ní kí Ọlọ́run mú wọn délé láyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ ri òpó kan mọ́ yídì. Mo bi wọ́n kí ni, wọ́n ní àmì lásán ni."

Mo lọ wò ó. Òpó símẹ́ńtì ni, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lórí, ó dúró sí ibi tí lèmọ́mù wa máa ń dúró sí gan-an. Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi ro ó. Àwọn ọmọ yẹn bá àwọn èèyàn wa jókòó, wọ́n mu omi ọwọ́ wọn, wọ́n jẹ wàrà wọn, wọ́n gba àdúrà lẹ́nu wọn. Wọ́n nu ẹnu wọn tán, wọ́n kọ ọ́ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ta ló wá fún wọn lómi? Iwin?

Ọ́fíìsì àwọn tó fẹ́ dá oko náà wà ní àdúgbò Post Office ní Ìlọrin níbí. Èmi àti Jímọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo ní ẹnu ni mo gbé wá, kì í ṣe lẹ́tà. Ọ̀gá wọn gbọ́ ariwo, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a wọlé. Ọkùnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀ ni, ó fún mi ní àga.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ènìyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Mẹ́rin."

Ó wo Jímọ̀ bí ẹni pé kó bá òun dá mi lẹ́kun. "Bàbá, fọ́ọ̀mù wa kò ní ààyè fún ibi tí ilé rẹ̀ kò bá tó mẹ́wàá. Tí kò bá ti tó mẹ́wàá, òdo la máa ń kọ."

"Òdo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí fọ́ọ̀mù ṣe wà nìyẹn."

Mo ní, "Tí ẹ̀yin bá bí ọmọ mẹ́sàn-án, ẹ ó wá kọ ọ́ pé ẹ ò bímọ?"

Jímọ̀ fọwọ́ tọ́ mi. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ sọnù. Mo ní, "Ta ló kọ fọ́ọ̀mù yín? Ṣé màlékà ló sọ ọ́ kalẹ̀ ni? Ó dáa. Ẹ pe àwọn tí ẹ rán lọ síbẹ̀ fún mi."

Ọ̀kan nínú wọn wà nídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Ṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Ó ti ń bojú wolẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Ìdí-Igbá. Mo pè é, ó wá, ó dọ̀bálẹ̀.

Mo ní, "Nígbà tí ẹ dé ibẹ̀, ṣé ọyẹ́ mú?"

"Ó mú, Bàbá."

"Ṣé òùngbẹ gbẹ yín?"

"Ó gbẹ wá, sà."

"Ta ló fún yín lómi?"

Ó ń wo bàtà mi. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà dáwọ́ dúró.

"Mo ní ta ló fún yín lómi?"

Ó ní, "Ìyá kan ni, sà. Ìyá àgbà kan."

"Ṣé alààyè ni àbí òkú?"

"Alààyè ni. Èmi ni mo mu ún lẹ́ẹ̀mẹta." Omi ti lé sí i lójú. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, mo sọ fún yín nígbà náà pé a rí ènìyàn níbẹ̀. Ẹ ní kí n kọ ohun tí fọ́ọ̀mù bá gbà."

Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù kan yọ nínú fáìlì. Ó ń yí bírò lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣẹ́gun, ẹ tún ibẹ̀ lọ. Tí fọ́ọ̀mù kò bá gbà á, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n padà lọ. Ó ka ilé, àti èyí tó dúró àti èyí tó ti wó, ó ka sàréè, ó ka igi igbá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi dígà hú òpó yẹn kúrò ní yídì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, ìwé tuntun jáde. Oko ńlá wọn yóò dúró ní òdì kejì odò. Orúkọ wa wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé àgbàlagbà ló ní láti lọ pariwo kí wọ́n tó gbà pé ènìyàn jẹ́ ènìyàn? Àwọn abúlé mìíràn tí kò ní ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yẹn ńkọ́? Mélòó nínú wọn ni wọ́n ti kọ òdo sí?

Mo gbé ìwé náà lọ fún Àwáwù fúnra mi. Mo ti rò pé inú rẹ̀ yóò dùn débi pé yóò jó. Sálíù, Sàlámátù àti Aíṣá wá jókòó, mo kà á fún wọn, orúkọ ìlú, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Sálíù pàtẹ́wọ́, ó ní kí n tún ka tòun. Àwáwù kàn ń gbọ́ ni.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó ní, "Orúkọ tìrẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Tèmi? Ìlọrin ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń gbé ibí ni wọ́n kọ."

"Ó dáa." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a. "Ọmọ ìyá mi, o ṣeun. O bá wọn jà, o sì borí. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Àwọn ọmọkùnrin yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lò níbí, wọn ò mọ̀ wá rí. Ìwọ tó mọ̀ wá ńkọ́? Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ, Ìléyá nìkan la fi ń rí ọ. Nígbà tó yá, a ò rí ọ ní Ìléyá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ di ẹrù yín lẹ́ kọ́kọ́ kọ òdo. Àwọn yẹn kàn wá kà á síta ni."

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkò tí mo ti ń sọ láti ìgbà yẹn, orí mi ló balẹ̀ sí. Mo fẹ́ sọ pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ sọ pé Jímọ̀ ló ní kí n wá. Mo fẹ́ sọ pé ikú Ràmátù ló lé mi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ dúró sí ètè mi, nítorí pé láti ibi tí a jókòó sí, mo ń wo sàréè rẹ̀. Koríko kan kò sí lórí rẹ̀. Wọ́n ti to òkúta yí i ká. Ẹnìkan ti ń tọ́jú rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, kì í sì í ṣe èmi.

Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí a kírun Àsùbá tán, Àwáwù mú ọkọ́ méjì jáde láti inú ilé. Ó na ọ̀kan sí mi. Mo gbà á, a jọ lọ sẹ́yìn ilé. Òjò ti mú kí ilẹ̀ rọ̀. Èmi ni mo ro àyíká sàréè Ràmátù lọ́jọ́ náà.